Kọ̀ǹpútà Tó Ní Kí Àbúrò Kọ́kọ́ Kí Ẹ̀gbọ́n

Mo mọ̀ pé mi ò tíì kí yín. Ẹ má bínú, ó nídìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ohun tójú mi rí ní 1998, nígbà tí èmi Fúnmiláyọ̀ fọwọ́ ara mi kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìwà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n tún ọdún kan ṣe ní yunifásítì. Tí ẹ bá kà á dé ìparí, ẹ ó mọ ìdí tí mi ò fi tíì kí yín.

Lọ́dún yẹn, èmi àti Bùsọ́lá jọ gba yàrá kan ní Òkókómáìkò. Yàrá kan ṣoṣo o! Sítóòfù kan, bẹ́ẹ̀dì kan, fáànù kan tó máa ń dá kọjú sí ògiri fúnra rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni mí, olùkọ́ ni bàbá mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Bùsọ́lá, bàbá tirẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà l'Álábà. Láàárọ̀, a ó jọ wọkọ̀ dé Ìyànà-Ìbà, a ó gba géètì wọlé, ó di kíláàsì. Computer Science là ń kà, a sì ti dé ọdún tó kẹ́yìn.

Project wa ni program tí èèyàn méjì á fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà méjì. Chat! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ní fóònù lápò nínú wa. Tí o bá fẹ́ bá ẹni tó wà ní yàrá kejì sọ̀rọ̀, o ó dìde lọ bá a ni. Tí a bá sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pé èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ níbí kó sì yọ lọ́hùn-ún, wọ́n á ní ó ti tún dé, àwọn ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

A pín iṣẹ́ náà sí méjì. Bùsọ́lá mú server, èmi mú client. Server ni ẹni tó wà láàárín tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni yìí, ó ń gbé e fún ẹni yẹn, bí ọmọ tí wọ́n ń rán láti yàrá dé yàrá. Client ni ohun tí èèyàn ń fojú rí: àpótí tí o ó kọ̀wé sí, bọ́tìnnì tí o ó tẹ̀, ibi tí èsì á ti yọ. Ẹ rí i pé èmi ni mo mú apá tó lẹ́wà! Mo kun tèmi ní búlúù, mo ya àpò lẹ́tà kékeré sí i lórí. Mo máa ń fi Bùsọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ló wà ní kíṣìnì, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ síwájú àlejò. Nígbà yẹn, a ṣì ń bá ara wa ṣeré.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti jí ṣáájú rẹ̀, mo wà nídìí ẹ̀rọ omi inú kọ̀mpáùndì wa, mò ń fọnu. Bùsọ́lá jáde, ó kọjá lára mi, fìrì! Kò kí mi. Ẹ gbọ́ o, oṣù mẹ́ta ni mo fi ju Bùsọ́lá lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko, ọdún sì ti yí padà kí wọ́n tó bí i! Mo bi í pé ṣé kò rí mi ni. Ó ní òun rí mi, ṣé èmi náà ò rí òun ni? Ó ní àbí ẹnu òun nìkan ni wọ́n fi ń kíni?

Hà! Ṣé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lẹ́nu àbúrò nìyẹn? Inú bí mi débi pé mo gbàgbé láti tu ọṣẹ ẹnu mi dànù. Mo ní láti ọjọ́ náà lọ, mi ò ní kí i mọ́, àfi tó bá kọ́kọ́ kí mi. Ó lóun náà ò ní kí mi. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan ara wa lódì nìyẹn, nínú yàrá kan ṣoṣo, lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo ìran! Tí kẹrosíìnì bá tán, ìkòkò ni mo máa ń sọ ọ́ fún: "Ìkòkò, ẹni tó bá fẹ́ se ìrẹsì kó yáa lọ ra kẹrosíìnì o." Bùsọ́lá á kọjú sí fáànù: "Fáànù, bá mi sọ fún ìkòkò pé mo ti rà á láti àná." Tó bá ti tún server rẹ̀ ṣe, yóò gbé diskẹ́ẹ̀tì tó kọ ọ́ sí sórí tábìlì, yóò jáde. Tó bá ti jáde tán, èmi á wá lọ mú un. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi wà bẹ́ẹ̀, àwa tí a jọ ń kọ program tí àwọn èèyàn á fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nínú ìbínú yẹn ni mo ti kọ òfin kan sínú client mi. Kí èèyàn tó lè wọlé, yóò kọ ọdún tí wọ́n bí i. Tí àwọn méjì bá ti wọlé, client á wo ẹni tó kéré nínú wọn. Ẹni tó kéré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ẹni tó dàgbà. Kó tó kí i, àpótí ẹ̀gbọ́n á wà ní títì pa, nítorí àgbà kì í ṣáájú ọmọdé kíni. Tí àbúrò bá sì lóun fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ mìíràn láì kíni, àkọlé pupa kan á fò jáde lójú rẹ̀: KI EGBON RE NA! Kò sì gba "kaaro" lásán o. "E kaaro" ló ń gbà.

Ta ni mò ń bá wí? Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Bùsọ́lá dán an wò tí àkọlé pupa yẹn fò jáde sí i, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá tẹ "E kaaro" wọlé, ojú rẹ̀ le bí ẹni tó mu àgbo. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí fáànù ilé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Fáànù, òfin yìí máa kó ẹnì kan sí wàhálà." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Wàhálà wo? Ọ̀gá dípátímẹ́ǹtì wa, tí gbogbo èèyàn ń pè ní HOD, ka ìwé project wa, orí wọn wú. Wọ́n ní àwọn ti rí chat Òyìnbó, èyí wá ni chat ọmọ Yorùbá. Wọ́n ní òfin ìkíni yẹn ni ohun tuntun tó wà nínú iṣẹ́ wa, a ò gbọdọ̀ yọ ọ́. A gbé ìwé lọ fún àwọn tó ń di ìwé ní Ìyànà-Ìbà, wọ́n fi páálí líle dì í, wọ́n kọ orúkọ wa sí i lára ní àwọ̀ wúrà. Ìyá mi ti ń sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì l'Adó pé ọmọ òun ń lọ ṣe agùnbánirọ̀.

Ọjọ́ dífẹ́ǹsì pé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Àwọn méjì ló fẹ́ dán iṣẹ́ wa wò. Ẹnì kíní ni HOD fúnra wọn, ọkùnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tó máa ń wọ súùtù nínú ooru. Ẹnì kejì ni Dókítà obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Màmá ti ń kọ́ni kí HOD tó mọ ibi tí yunifásítì wà. Kódà, Màmá ló kọ́ HOD ní ìṣirò nígbà tí wọ́n wà ní sẹ́kọ́ńdírì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

HOD jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, Màmá jókòó sídìí èkejì, pákó pẹlẹbẹ kan wà láàárín wọn. HOD kọ ọdún ìbí wọn, kíá. Màmá bi mí pé kí ni ẹ̀rọ fẹ́ fi ọdún ìbí òun ṣe. Mo ní kó lè mọ ẹni tó jẹ́ àgbà ni, ma. Màmá wò mí, wọ́n yọjú wo HOD lódì kejì pákó, wọ́n wá kọ tiwọn.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọjọ́ orí méjì ni Màmá ní. Ọ̀kan ni èyí tí ìyá wọn mọ̀. Èkejì ni èyí tó wà nínú fáìlì ìjọba. Ẹ̀yin tí òbí yín ṣiṣẹ́ ìjọba láyé ìgbà yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń wí? Kí èèyàn má baà tètè fẹ̀yìn tì! Nígbà tó sì jẹ́ pé HOD tó ń tọ́jú fáìlì ló jókòó síbẹ̀ yẹn, èwo lẹ rò pé Màmá máa kọ? Ti fáìlì ni o! Ti fáìlì sì fi ọdún méjì kéré sí ti HOD.

Ẹ̀rọ ṣírò. Kí ni tirẹ̀? Ó ti àpótí HOD pa, ó wá ń dúró de Màmá. Màmá tẹ "Testing". Àkọlé pupa fò jáde: KI EGBON RE NA! Màmá yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́ padà, wọ́n tún tẹ "Testing". Ó tún fò jáde. Lódì kejì, HOD ń tẹ bọ́tìnnì, kò sí ohun tó wọlé.

HOD ní, "Fúnmiláyọ̀, ẹ̀rọ yín ti kú o."

Mo ní, "Kò kú, sà. Ó ń dúró ni."

"Ó ń dúró de kí ni?"

Ẹ gbà mí o! Kí ni kí n wí? "Ó ń dúró kí Màmá kí yín, sà."

Ọmọ kíláàsì wa kan tó ń mu omi lẹ́yìn tu omi sára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Màmá dìde dúró. "Kí èmi kí ta ni? Ọmọ tí mo kọ́ ní..." Wọ́n wá dákẹ́. Tí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀ yẹn, fáìlì ti tú síta nìyẹn. HOD bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n mọ̀! Wọ́n mọ̀ dáadáa pé Màmá jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n báwo ni ọ̀gá á ṣe là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ọmọ ilé ìwé pé ọjọ́ orí yìí kọ́? Ó wù wọ́n kí wọ́n kí Màmá kí ọ̀rọ̀ tán, àpótí wọn ni ò ṣí. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu sọ ọ́ láti ẹ̀yìn pákó: "Ẹ káàárọ̀, ma." Màmá ní, "Káàárọ̀ o, sà." Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní etí.

Ojú gbà mí tì, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Bùsọ́lá wo fáànù lókè, ó mirí, ó jáde.

HOD wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, èyí sì le ju kí wọ́n pariwo lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó mọ ìkíni ló wà nínú ìwé wa, òun náà ni àwọn fẹ́ rí. A ò gbọdọ̀ yọ òfin náà, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé wa. Àwọn ń lọ gbọ́ tàwọn tó kù, aago méjì làwọn máa padà. Tí kò bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún tó ń bọ̀! Mo rí ojú ìyá mi lọ́kàn mi, mo rí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Omi bọ́ lójú mi.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń ronú. Tí mi ò bá lo ọjọ́ orí, kí ni kí n lò? Ipò ni? Á tún burú sí i, Màmá náà ló máa tún kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ká lo ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Ó di fáìlì náà! Aago kan ti lù, ojú ìwé mi ṣì funfun.

Bàbá Láṣùn bá wọlé. Bàbá Láṣùn ni mẹ́sẹ́ńjà dípátímẹ́ǹtì wa, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, irun orí wọn funfun báláú. Wọ́n kó fáìlì dání, wọ́n ní, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. O kú làálàá." Nínú ìdààmú tí mo wà, ẹnu mi yọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣé o. Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí mi? Ṣebí èmi ni mo kéré?"

Bàbá wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Wọ́n ní, "Ta ló wọlé nínú àwa méjèèjì? Ẹni tó wọlé bá èèyàn ló ń kí ará ilé. Àbí kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa retí kí ìwọ tó o ti jókòó wá kí mi?"

Yéè! Mo fò dìde, mo kúnlẹ̀ fún Bàbá, fáìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó wọlé ló ń kí ará ilé! Kò kan ọjọ́ orí, kò kan ipò. Ẹni tó bá dé ṣìkejì sínú chat ni kó kọ́kọ́ kíni. Mo ti ń kí ará ilé láti kékeré, kò sì wá sí mi lọ́kàn.

Mo dojú kọ kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi wá dúró. Báwo ni client mi á ṣe mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé? Client kì í rí ju ara rẹ̀ lọ. Server nìkan ló ń rí àwọn méjèèjì. Bùsọ́lá ló sì ni server.

Mo jáde sí fàráńdà. Bùsọ́lá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọ̀yìn sí mi. Mo dúró. Ẹ má rò pé ó rọrùn o! Ọmọ Èkìtì ni mí, tí a bá sọ pé a ò ṣe, a ò ṣe náà ni. Oṣù mẹ́ta mi ń pariwo nínú mi. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Èmi ni mo wá bá a.

Mo ní, "Bùsọ́lá, o kú ìjókòó o."

Ó yíjú padà. Ó wò mí títí. Ó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Fúnmi, o káre. Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ ò ní gbà gbọ́, ẹkún la bú sí. Àwa méjèèjì! Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní lọ́jọ́ tóun kọjá lára mi yẹn, inú ń run òun ni, ilé ìyàgbẹ́ lòun ń sáré lọ. Ilé ìyàgbẹ́! Gbogbo ìjà wa! Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, mo ní jọ̀ọ́, ṣé ó lè jẹ́ kí server máa sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé?

Bùsọ́lá nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí server mi ti ń sọ ọ́ fún client rẹ. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wọlé ló ń sọ fún un. Client rẹ ni kì í dá a lóhùn."

Àwọn ẹ̀rọ náà ń yan ara wọn lódì bíi tiwa.

Ìlà mẹ́rin péré ni mo yí padà. Mo pa ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọdún ìbí rẹ́, mo jẹ́ kí client gbọ́ ohun tí server ń wí. Bùsọ́lá ọmọ Ìjẹ̀bú ní òun ń bọ̀, ó lọ pe Màmá wá kí aago méjì tó lù, ó fa àga fún wọn, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sinmi, kí wọ́n kúkú kọ orúkọ wọn wọlé. Ẹ rí ọgbọ́n!

HOD dé, wọ́n jókòó, wọ́n kọ orúkọ. Àkọlé tuntun yọ sí wọn: E WOLE BA ENIYAN. E KI ARA ILE. Mo rí i tí ejìká wọn rọ̀. Wọ́n tẹ "E kaasan ma". Àpótí Màmá ṣí pẹ̀ẹ́! Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: "E kaasan sa. Iyawo nko? Awon omo nko?" HOD ní wọ́n wà. Màmá tún ní ìyá yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ yẹn ti fúyẹ́? Ìkíni gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n gbàgbé pé àwa náà wà níbẹ̀.

A yege. Bí Màmá ṣe fẹ́ jáde, wọ́n fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní, "Fúnmiláyọ̀, ọdún ìbí tí mo kọ sínú ẹ̀rọ yẹn láàárọ̀, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní rárá ma, mo ti pa á rẹ́. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi." Àdúrà ọjọ́ yẹn jinlẹ̀ o!

Òkè òkun ni Bùsọ́lá wà báyìí. Chat ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé a jìyà kan rí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí fóònù mi tí mo rí i pé Bùsọ́lá ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, èmi ni mo máa ń kí i. Mi ò ka oṣù mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju èyí lọ: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dákẹ́, ohun tí mò ń wá sì wà lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ń bá yodì báyìí, tí ẹ ń dúró kó kọ́kọ́ kí yín? Ṣé ẹ tiẹ̀ rántí ohun tó fa ìjà? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí, mi ò ní béèrè ọjọ́ orí yín.

Ẹ ṣáà ti mọ ìdí tí mi ò fi kí yín báyìí. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ òfin náà. Èmi ni mo wọlé bá yín lónìí, nítorí náà, èmi ló yẹ kó kíni: ẹ kú ilé o!